Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Kéèkì Onípele Tó Kúrò ní Roboto

Kéèkì roboto ti ń sú àwọn oníbàárà. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó dé ọwọ́ wa lóṣù yìí ló ń béèrè bí kéèkì onípele tí gbogbo wa mọ̀ ṣe lè ní ìrísí mìíràn, kó má sì wó kó tó dé gbọ̀ngàn àríyá. A mú márùn-ún nínú wọn.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Páànù roboto íńṣì 9 méjì péré ni mo ní. Ṣé mo lè yí ìrísí kéèkì mi padà láì ra páànù tuntun? (Aṣekéèkì kan, Òṣogbo)

Ẹ lè ṣe é, ẹ má tíì náwó. Èyí tó yá jù ni kéèkì aláàbọ̀ òṣùpá tó dúró. Ẹ gé orí kéèkì méjèèjì tó wú kúrò kí wọ́n tẹ́jú, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó íńṣì 1. Ẹ la ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì, ààbọ̀ mẹ́rin nìyẹn. Ẹ tò wọ́n léra ní dídùbúlẹ̀, pẹ̀lú buttercream (bọ́tà tí a pò mọ́ ṣúgà) láàárín, kí ẹ sì gbé wọn sínú fíríìjì fún wákàtí kan. Ìgbà tó bá le tán ni kí ẹ fi ọ̀bẹ gígùn rẹ́ etí tó gún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà, kí ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè jọ fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Ẹ fi buttercream díẹ̀ pa páálí, kí ẹ wá gbé kéèkì náà dìde lé e. Yóò gùn tó íńṣì 9, yóò sì ga díẹ̀ ju íńṣì 4 lọ. Bí ẹ bá gé e fún àlejò, ilà inú rẹ̀ á dúró lóòró dípò kó dùbúlẹ̀.

Jáàmù ló máa ń ba irú kéèkì yìí jẹ́. Nínú kéèkì tó dúró, jáàmù nìkan láàárín ìpele dà bí ọṣẹ lórí táìlì. Bí ẹ kò bá lè ṣe é láìsí jáàmù, ẹ fi buttercream ṣe odi yí etí ìpele ká, kí jáàmù tó wà láàárín má sì ju ṣíbí méjì lọ. Ẹ má ṣe é pẹ̀lú ààbọ̀ méjì péré, nítorí ìdí rẹ̀ kò ní fẹ̀ tó, yóò sì ṣubú.

Bó bá jẹ́ igun mẹ́fà lẹ fẹ́, ẹ gé bébà tó gùn ní íńṣì 4.5, ìyẹn ìdajì ìbú kéèkì yín. Ẹ máa fi wọn etí kéèkì yíká, kí ẹ máa fi ìtayín sàmì síbi tó bá parí sí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà géérégé ni yóò lọ. Ẹ fi ọ̀bẹ gé e láti àmì kan sí èkejì. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà kéèkì náà ni yóò bọ́ sílẹ̀, ẹ rántí èyí bí ẹ bá ń ṣírò iye ẹni tí yóò jẹ ẹ́.

Ọmọ mi fi fọ́tò kéèkì onígun mẹ́ta hàn mí lórí fóònù, ilà inú rẹ̀ dúró lóòró. Mo gbìyànjú tiwa, ó fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ níbi tí mo ti ń gé e. (Ìyá kan, Peckham, ní London)

Ẹ kú ìgbìyànjú, mà. Tí kéèkì bá fọ́ níbi gígé, ó lè jẹ́ pé kò tíì tutù tó, tàbí kíríìmù àárín rẹ̀ rọ̀ jù, tàbí ófùn ti gbẹ etí rẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí.

Páànù pẹrẹsẹ tó fẹ̀ ní íńṣì 10, tó gùn ní íńṣì 15, ni kí ẹ lò. Bọ́tà gíráàmù 150, ṣúgà 150, ẹyin 3, fùláwà 150, baking powder ṣíbí tíì 1. Ẹ tẹ́ bébà sínú páànù, kí ẹ da àpòpọ̀ náà sí i, kí ẹ sì tẹ́ ẹ dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìwọ̀n ooru 180 (ti Celsius) ni kí ófùn wà, ìṣẹ́jú 12 sí 15 sì ti tó o. Bó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, etí rẹ̀ á gbẹ, ibẹ̀ ni yóò sì ti sán.

Bó bá tutù, ẹ gé apá tó gùn ní íńṣì 15 sọ́nà márùn-ún, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní íńṣì 3, kó gùn ní 10. Ẹ tò wọ́n léra pẹ̀lú ganache tí kò nípọn ju mìlímítà 3 lọ. Ganache náà gbọ́dọ̀ le: ṣokoléètì dúdú gíráàmù 300 sí kíríìmù 150. Wákàtí méjì nínú fíríìjì ló nílò. A ò fẹ́ fírísà, torí pé ganache á le bí òkúta níbẹ̀, ọ̀bẹ á wá máa wọ́ kéèkì fà ya.

Ẹ sún un dé etí tábìlì gan-an kí ọwọ́ tó di ọ̀bẹ lè ráyè lọ sísàlẹ̀. Ẹ ki ọ̀bẹ búrẹ́dì gígùn bọ omi gbígbóná, kí ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ wá gé e ní dàgẹ̀rẹ̀, láti etí òkè tó jìnnà sí yín wá sí etí ìsàlẹ̀ tó sún mọ́ yín. Ẹ máa fà á lọ fà á bọ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í ṣe nìyí. Ojú mẹ́ta ni abala kọ̀ọ̀kan ní báyìí: ojú kan jẹ́ odindi ìpele, ojú kejì ni ilà ti hàn, ojú kẹta ni ọ̀bẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ojú odindi ìpele ti abala kan ni kí ẹ fi ganache lẹ̀ mọ́ ojú odindi ìpele ti èkejì. Ojú onílà ni yóò jókòó lórí páálí, ojú tí ọ̀bẹ gé á sì wà níta lọ́tùn-ún lósì. Bí ẹ bá lẹ ojú onílà mọ́ra wọn, ilà á padà dùbúlẹ̀, gbogbo wàhálà yẹn á sì já sásán. Kò pọn dandan kí gíga àkójọ náà bá ìbú rẹ̀ dọ́gba. Bí gíga rẹ̀ bá kéré sí íńṣì 3, orí kéèkì yín á kàn ṣóṣóró díẹ̀ sí i ni.

Oníbàárà mi fẹ́ kéèkì gángan tó dúró fún ìdána ọmọ rẹ̀. Èyí tí mo ṣe kẹ́yìn ṣẹ́ ní ìbàdí kí wọ́n tó gbé ìyàwó jáde. Kí ni kí n ṣe? (Aṣekéèkì, Abẹ́òkúta)

Ìbàdí yẹn gan-an ni wàhálà. Ibi tó tín-ín-rín jù ni gbogbo ẹrù apá òkè rọ lé, kò sì sí ohunkóhun lábẹ́ etí òkè tó yọ síta. Igi ni wọ́n fi ń gbẹ́ gángan gidi; kéèkì ní tirẹ̀ a máa tẹ̀ bí wákàtí bá ṣe ń lọ, àgàgà nínú ooru.

Èrò tiwa ni pé kí gángan náà dùbúlẹ̀. Ẹ ṣàlàyé fún oníbàárà pé bí onílù ṣe ń há a sábẹ́ apá náà nìyẹn, ọ̀pọ̀ wọn á gbà. Ẹ yan páànù méjì tó fẹ̀ ní íńṣì 10, tó gùn ní 12, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó íńṣì 1 ó lé díẹ̀. Fún méjèèjì pọ̀: bọ́tà gíráàmù 600, ṣúgà 500, ẹyin 12, fùláwà 600, baking powder ṣíbí tíì 3 péré. A mọ̀ọ́mọ̀ dín baking powder kù ni, nítorí kéèkì tó bá wú fùkẹ̀ kì í gba gbígbẹ́, ńṣe ló máa ń rún. Ìwọ̀n ooru 160, ìṣẹ́jú 35 sí 45. Ẹ fi ọ̀rá wé e, kó sùn mọ́jú.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ la kéèkì kọ̀ọ̀kan sí méjì kí ẹ lè ní ìpele mẹ́rin tó fẹ̀ ní íńṣì 6, tó gùn ní 10, ẹ tò wọ́n léra, kí ẹ gbé wọn sínú fírísà fún wákàtí kan. (Èyí yàtọ̀ sí ti onígun mẹ́ta, torí buttercream la fi sáàárín, ojú kéèkì nìkan la sì fẹ́ kó le.) Ẹ gé bébà ní àwòrán gángan: íńṣì 6 lẹ́nu méjèèjì, íńṣì 3 ní ìbàdí, íńṣì 10 ní gígùn. Ẹ fi ìtayín kàn án mọ́ orí kéèkì, kí ẹ kọ́kọ́ gé e wálẹ̀ gbọọrọ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá máa yí igun rẹ̀ po, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì gbẹ́ orí ìbàdí wọlé ní íńṣì 1.5. Ẹ má fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ìbàdí. Kéèkì tó kù síbẹ̀ ló ń gbé e ró, fondant (ṣúgà pípò tí a ń tẹ́ bo kéèkì) tí ẹ bá ṣe bí aṣọ òkè á sì bò ó mọ́lẹ̀.

Ganache ni kí ẹ fi pa á kí fondant tó gorí rẹ̀. Fún ọsán, ìyẹn okùn ara gángan, ẹ po CMC (ìyẹ̀fun tó ń mú fondant le) ṣíbí tíì 1 mọ́ fondant gíráàmù 250, kí ẹ yí i tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ kíá láti ẹnu kan dé èkejì. Tí ẹ bá dúró kó gbẹ, á ṣẹ́ bó bá dé ìbàdí. Kọ̀ǹgọ́ ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa, torí náà ẹ ṣe é ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú.

Bí oníbàárà bá fàáké kọ́rí pé dídúró lòun fẹ́, ẹ fi kéèkì ṣe apá ìsàlẹ̀, kí ẹ fi fóòmù ṣe apá òkè. Igi kan ṣoṣo, tí àwọn aṣekéèkì ń pè ní dowel, ni kó gba àárín méjèèjì kọjá wọ inú pákó ìsàlẹ̀. Pákó la wí o, páálí kò lè dì í mú. Ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ nípa fóòmù náà kó tó sanwó, kó má baà di ìjà lọ́jọ́ àríyá.

Báwo ni mo ṣe lè ṣe kéèkì ọlọ́kàn láì ní páànù rẹ̀? (Ọmọ iléèwé gíga, Iléṣà)

Kò le rárá. Yan kéèkì onígun mẹ́rin íńṣì 8 kan àti roboto íńṣì 8 kan. Yí onígun mẹ́rin náà kí igun rẹ̀ kan kọjú sí ọ. La roboto sí méjì, kí o lẹ ààbọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjì tó wà lókè. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ iye íńṣì kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èjìká rẹ̀ kò ní bára mu. Kí nínípọn wọn náà dọ́gba kí o tó lẹ̀ wọ́n. Páálí rẹ gbọ́dọ̀ tó íńṣì 16, torí ọkàn yìí máa ń tóbi ju bí èèyàn ṣe rò lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì onígun mẹ́rin náà.

Mo fi fondant bo kéèkì igbá, mo tọ́jú rẹ̀ sínú fíríìjì. Nígbà tí mo gbé e jáde, omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lára rẹ̀, àwọ̀ pupa sì yọ́ sórí funfun. Inú rẹ̀ gan-an kò jinná dáadáa. (Ìyá oníkéèkì, Ìkòròdú)

Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ jẹ́ ká ti inú bẹ̀rẹ̀. Abọ́ irin tí a fi ń yan kéèkì igbá jìn, ooru kì í tètè dé àárín rẹ̀. Ìta á ti pọ́n tán kí inú tó jinná. Ẹ dín ooru kù sí 150, kí ẹ fún un ní wákàtí kan ó lé ìṣẹ́jú 10 sí 20, kí ẹ má sì kún abọ́ ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ. Bí orí rẹ̀ bá ti ń pọ́n jù, ẹ fi bébà fóìlì bò ó. Ẹ tún lè pín àpòpọ̀ náà: kí ẹ yan ìdajì nínú abọ́, kí ẹ yan ìdajì tó kù nínú páànù pẹrẹsẹ, tí ẹ ó gé roboto, tí ẹ ó sì tò sábẹ́ rẹ̀. Èyí ló wù wá jù, torí igbá náà á tún jẹ́ kéèkì onípele.

Ní ti omi, atẹ́gùn tó lọ́rinrin ló pàdé fondant tó tutù. Bí ọ̀rinrin inú atẹ́gùn bá ṣe pọ̀ tó ni omi ṣe máa ń pọ̀ tó, àwọ̀ pupa àti dúdú ló sì máa ń kọ́kọ́ yọ́. Inú páálí tí ẹ dé pa ni kí kéèkì wà kó tó wọ fíríìjì. Tí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má ṣí páálí náà fún wákàtí kan sí méjì, kí omi náà lè ṣẹ́ sára páálí dípò fondant. Bí omi bá ti wà lára rẹ̀ náà, ẹ má nù ún, ẹ má sì fọwọ́ kàn án, àmì ìka kì í lọ mọ́. Ẹ tan fáànù kọjú sí i láti òkèèrè, yóò gbẹ fúnra rẹ̀.