Ìdí tí ọ̀rọ̀ olámì kì í fi í jáde nínú sdcv

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní bí ẹ bá tẹ "water" sínú sdcv, ètò ìwé atúmọ̀ tí a ń lò nínú terminal, ìtumọ̀ á jáde lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ "ọ̀rọ̀", á ní òun kò rí i, bẹ́ẹ̀ ó wà nínú àkójọ ọ̀rọ̀ tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ. Ó ṣe èmi náà rí. Òru mẹ́ta gbáko ni mo fi jìyà rẹ̀: mo yọ sdcv kúrò, mo tún un fi sí i, mo pààrọ̀ kíbọọ̀dù, díẹ̀ ló kù kí n pa gbogbo àkójọ náà rẹ́.

Sdcv kò ṣẹ̀. Ẹ tẹ èyí, xxd á fi byte hàn yín, ìyẹn nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà:

printf 'ọ̀' | xxd

Bí kíbọọ̀dù yín bá ń kọ ọ gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan, kí àmì ohùn tó tẹ̀ lé e, e1bb 8dcc 80 lẹ máa rí. Bó bá jẹ́ pé o ló kọ́kọ́ kọ, kó tó fi àmì sísàlẹ̀, kó tó fi sókè, 6fcc a3cc 80 ni. Ojú wa ò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n byte ni sdcv ń fi wéra. Fóònù ni mo fi kọ apá kan àkójọ tèmi, mo fi kọ̀ǹpútà kọ ìyókù. Ibẹ̀ ni wàhálà ti wọlé.

Uconv, ètò tó ń sọ gbogbo wọn di ọ̀nà ìkọ kan ṣoṣo (NFC), ló gbà mí. Inú icu-devtools ló wà lórí Debian àti Ubuntu:

uconv -x any-nfc akojo.txt > akojo2.txt

Inú akojo2.txt ni kí ẹ ti tún fáìlì StarDict yín (irú èyí tí sdcv ń kà) ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan .idx (fáìlì atọ́ka ọ̀rọ̀) fúnra rẹ̀ o, torí bí ètò inú rẹ̀ bá dàrú, ọ̀rọ̀ tó ń jáde tẹ́lẹ̀ gan-an lè má jáde mọ́. Ohun tí ẹ ń tẹ̀ náà gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà kan náà kọjá, nítorí náà ẹ fi èyí sínú .bashrc, fáìlì tí terminal ń kà bí ẹ bá ṣí i:

wo() { sdcv -n -e "$(printf %s "$1" | uconv -x any-nfc)"; }

Àwọn kan á ní kí ẹ kàn yọ gbogbo àmì dànù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà. Igba, igbá, ìgbà, igbà àti ìgbá á di ọ̀kan ṣoṣo mọ́ yín lọ́wọ́. Alẹ́ tí mo ṣe tèmi tán, mo tẹ "wo igbà", okùn tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ nìkan ló jáde.