Ìbéèrè Yín: Ǹjẹ́ 4,294,967,297 Ṣeé Pín?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ìlanilọ́yẹ̀. Ọmọ mi tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ní 4,294,967,297 da ọ̀mọ̀ràn ńlá kan rú láyé àtijọ́. Mo fi 3, 7, 11 àti 13 pín in, kò pín dọ́gba. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ bóyá irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ṣeé pín nígbà tí kò sí kọ̀ǹpútà?

Ìdáhùn: Ó ṣeé pín, ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí 1, nọ́ńbà tó kéré jù lọ tó lè pín in dọ́gba ni 641. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti orí 1, tí a ń sọ ohun tó wà lọ́wọ́ wa di ìlọ́po méjì ní ìgbà 32, a ó dé 4,294,967,296. Ẹ fi 1 kún un, tiyín jáde.

Pierre de Fermat, amòfin ará Faransé tó fẹ́ràn ìṣirò, ṣàkíyèsí pé bí a bá ṣe ìlọ́po méjì yìí ní ìgbà 1, 2, 4, 8 tàbí 16, kí a tó fi 1 kún un, a ó rí 3, 5, 17, 257 àti 65,537, tí kò sí ohun tó lè pín èyíkéyìí nínú wọn dọ́gba àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Ó gbàgbọ́ pé bẹ́ẹ̀ náà ni tiyín yóò rí, ṣùgbọ́n kò rí ẹ̀rí rẹ̀ títí ó fi kú ní 1665.

Leonhard Euler, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tó ń ṣiṣẹ́ ní Rọ́ṣíà, ló fi hàn ní 1732 pé 641 lọ́nà 6,700,417 ni. Ó ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé nọ́ńbà tí kò ṣeé pín, tó bá máa pín tiyín, gbọ́dọ̀ ṣẹ́ 1 kù bí a bá fi 64 pín òun fúnra rẹ̀. Bí a bá to àwọn nọ́ńbà tí kò ṣeé pín láti 2, ipò 116 ni 641 wà. Ṣùgbọ́n 193, 257, 449 àti 577 nìkan ló ṣáájú rẹ̀ nínú àwọn tó bá òfin yìí mu, nítorí náà ìgbìyànjú karùn-ún ti tó. Agbára ìrònú nìyẹn.

Ẹ̀rí kejì ló wù mí jù. Nọ́ńbà yín jẹ́ 65,536 lọ́nà 65,536, pẹ̀lú 1 lọ́nà 1. Ó tún jẹ́ 62,264 lọ́nà 62,264, pẹ̀lú 20,449 lọ́nà 20,449. Euler fi hàn pé nọ́ńbà tí kò ṣeé pín kò lè ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ méjì, nítorí náà a ti mọ̀ pé tiyín ṣeé pín kí a tó gbúròó 641 rárá.

Kí ọmọ yín wá yọ 62,264 kúrò nínú 65,536, kí ó yọ 1 kúrò nínú 20,449. Nọ́ńbà tó tóbi jù lọ tó pín èsì méjèèjì dọ́gba ni 8. Bí ó bá ro wọ́n pọ̀ dípò kí ó yọ wọ́n, 50 ni yóò rí. Ìdajì wọn ni 4 àti 25. Kí ó ro 4 lọ́nà 4 pọ̀ mọ́ 25 lọ́nà 25: 641 ni.