Ẹran ń rí mi lára lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ikùn: kí ni kí n máa jẹ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Oṣù kẹrin rèé tí wọ́n ti gé ikùn mi kéré. Mo ti fọn, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni òórùn ẹran àti ẹja ti ń rí mi lára. Bí mo bá fi tipá jẹ ẹ́, èébì ni. Ilé ìwòsàn ní kí purotéènì mi lójúmọ́ má dín ní gíráàmù 60. Màmá mi tó wá kí wa láti Ìbàdàn ní kí n máa mu omi ẹran, wọ́n sì ń po ògì fún mi láràárọ̀. Irun mi ń já sínú kóòmù.
Ìyá Ìbejì, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi kí Màmá. Kò sí ìyá tí kì í gbà wá nímọ̀ràn omi ẹran! Ó dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n purotéènì inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Inú ẹran ló kù sí. Ògì ní tirẹ̀, sítáàṣì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Àìjẹ ẹran kọ́ ni ìṣòro yín, àyè ni kò sí. Ẹ̀wà ní purotéènì, ta ni yóò jiyàn? Àmọ́ nínú gíráàmù 100 ẹ̀wà sísè, bíi 8 péré ni purotéènì. Ẹni tó ń jẹ abọ́ kíkún kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ẹ̀yin tí ṣíbí mélòó kan ti yó yóò mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ohun tó ní purotéènì ni kó kọ́kọ́ wọlé, kí ẹ̀kọ tàbí ìrẹsì tẹ̀lé e bí àyè bá ṣẹ́kù. Ẹ má mu omi pọ̀ mọ́ oúnjẹ. Ẹ dúró di ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹyin méjì ní bíi gíráàmù 12. Ẹ má bá Màmá jà lórí ògì: kí wọ́n pò ó díẹ̀, kí ẹ da mílíìkì oníyẹ̀fun aláìlọ́ràá gíráàmù 25 sí i, bíi 9 nìyẹn. Bí mílíìkì bá ń mú inú run yín, ti sóyà ni kí ẹ lò. Ife kan ní bíi 7. Ti álímọ́ńdì ńkọ́? Omi lásán ni, owó yín ló ń jẹ.

Yúgọ́ọ̀tì, ẹ yí ike rẹ̀ padà kí ẹ kà á. Bí purotéènì inú gíráàmù 100 kò bá tó 9, ẹ dá a padà sórí pẹpẹ. Èyí tí wọ́n kọ “Greek style” sí lára sábà máa ń dín. Èyí tó nípọn gidi, gíráàmù 150 rẹ̀ ní bíi 14.

Tófù líle tí wọ́n ń tà ní Lọ́ńdọ̀nù, wàrà sóyà ilé náà ni. Ẹ gé e wẹ́wẹ́ sínú ọbẹ̀ ata dípò ẹran, ó máa ń fa ata mu dáadáa. Gíráàmù 100 ní bíi 12. Iṣẹ́ tí ẹ ó fún Màmá ni ọ̀lẹ̀lẹ̀: kí wọ́n po ẹyin mọ́ ẹ̀wà lílọ̀ náà, kí wọ́n sì dín epo kù. Ó rọ̀, kì í há lọ́nà ọ̀fun. Àkàrà ṣì lè dúró ná.

Ẹ ro wọ́n pọ̀, ẹ ó rí i pé 60 kò ga jù.

Ní ti irun, láàárín oṣù kẹta sí ìkẹfà ó máa ń já lára ọ̀pọ̀ ẹni tó fọn kíákíá, ó sì sábà máa ń hù padà. Síbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún áyọ́ọ̀nù (iron) àti fítámì B12. Kò sí B12 nínú ẹ̀wà, nítorí náà ẹ má fi abẹ́rẹ́ B12 olóṣù mẹ́ta jáfara bí wọ́n bá kọ ọ́ fún yín. Bí ẹ bá ń lo oògùn kálíṣíọ́ọ̀mù (calcium) àti ti áyọ́ọ̀nù, kí wákàtí méjì wà láàárín wọn.

Bó bá jẹ́ ẹran nìkan ló ń fa èébì, ẹ fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹyin tàbí omi pàápàá bá ń padà wá, ẹ má dúró de èsì ìwé ìròyìn, ẹ pe ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Èébì tí kò dáwọ́ dúró máa ń gbẹ fítámì B1 lára kíákíá.