Ṣé òótọ́ ni pé ẹ́ńjìnnì onéèéfín fa èédú lórí rélùwéè oníná abẹ́ ilẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù rí?
Òótọ́ ni. Ní ẹ̀ka High Barnet ti ọ̀nà Northern, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà rélùwéè náà, níbi tí ọkọ̀ oníná ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1940, ẹ́ńjìnnì tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ ṣì ń fa èédú ilẹ̀, tí àwọn ará àdúgbò fi ń dáná yá, lọ sí àgbàlá àwọn ibùdókọ̀. 1962 ni iṣẹ́ ẹrù dópin ní High Barnet. Irin tó ń gbé iná, ọ̀kan láàárín irin méjì tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń yí lé, èkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kò dí ẹ́ńjìnnì onéèéfín náà lọ́wọ́ rárá. Láti ibùdókọ̀ Finsbury Park ni àwọn ẹ́ńjìnnì náà ti ń gba orí ilẹ̀ wá darapọ̀ mọ́ ọ̀nà oníná ní East Finchley, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí pé èéfín kò gbọdọ̀ wọ ihò tóóró inú ilẹ̀.