Ẹ Bi Tíṣà: Irin Ni Kí Ẹ Fi Bẹ̀rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà. Olùkọ́ físíìsì ni mí ní Ìkòròdú, àwọn ọmọ SS3 ni mò ń kọ́. Tí a bá dé orí fission àti fusion, wọn a há ìtumọ̀ méjèèjì sórí bí ẹni kọ orin, ṣùgbọ́n tó bá di ìdánwò, wọn a gbé tibí sí tọ̀hún. Ọ̀kan nínú wọn tún bi mí láìpẹ́ yìí pé ṣé lóòótọ́ ni ìràwọ̀ ń kú, kí ló sì kan fission níbẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe máa so gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́. (Olùkọ́ obìnrin kan, Ìkòròdú)

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá o, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Lẹ́tà yín rán mi létí ọ̀sán kan ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ sójú pátákó tán ni: fission ni kí kóró inú átọ́ọ̀mù ńlá pín sí méjì, agbára á jáde, fusion ni kí kóró kéékèèké dà pọ̀ di ẹyọ kan, agbára á jáde. Ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nawọ́ sókè. Ó ní, "Tíṣà, tí pípín bá ń mú agbára wá, tí dídàpọ̀ náà sì ń mú agbára wá, ṣé a ò lè pín in, ká tún dà á pọ̀, ká tún pín in, kí iná má lọ mọ́ láéláé?" Kíláàsì hó yèè. Mo ní kó jókòó, pé ìyẹn ò sí nínú ohun tí wọn máa bi wọ́n nínú WAEC.

Mi ò rí oorun sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìbéèrè ọmọ yẹn gan-an ni odindi ẹ̀kọ́ náà, èmi ni mo sì pa á mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo pè é wá síwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, a sì tún ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀ láti orí irin.

Irin ni kí ẹ̀yin náà fi bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó dárúkọ fission tàbí fusion rárá, ẹ ya àfonífojì kan sójú pátákó, kí òkè kan wà lápá òsì, kí òkè kan wà lápá ọ̀tún. Ẹ kọ hydrogen sórí òkè òsì, ẹ kọ uranium sórí òkè ọ̀tún, ẹ wá kọ irin sí ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí àgbàrá òjò máa ń wọ́ sí. Ẹ jẹ́ kí òkè hydrogen ga, kó dúró ṣánṣán. Ẹ jẹ́ kí ti uranium rọra dagẹ̀rẹ̀. Agbára ni ohun tí à ń rí gbà bí nǹkan bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí irin wà. Ẹni tó wà lápá òsì, dídàpọ̀ ló máa fi sọ̀. Ẹni tó wà lápá ọ̀tún, pípín ló máa fi sọ̀. Ẹni tó bá ti dé ìdí irin ti dé ilẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọmọbìnrin yẹn ti rí ìdáhùn rẹ̀ báyìí: tó o bá pín uranium, o ti sọ̀ kalẹ̀, tó o bá fẹ́ dà á pọ̀ padà, ìwọ ni wàá rù ú gun òkè, gbogbo agbára tó fún ọ lo sì máa fi san owó ẹrù.

Wọn á bi yín pé kí ló dé tó fi jẹ́ irin. Ẹ pa ìwé dé, ẹ kó wọn jáde sí pápá. Kí mẹ́fà nínú wọn di ara wọn lọ́wọ́ mú. Ọwọ́ yẹn ni agbára tó so proton àti neutron, àwọn ohun kéékèèké tó wà nínú kóró átọ́ọ̀mù, pọ̀: ó le bí okùn tí wọ́n fi ń so ọkọ̀ mọ́ èbúté, ṣùgbọ́n kò gùn, ẹni tó wà nítòsí nìkan ló ń bá. Kí wọ́n wá máa pariwo mọ́ ara wọn. Ariwo yẹn ni bí proton ṣe ń ti proton bíi tirẹ̀ sẹ́yìn, ariwo kò sì mọ sọ́dọ̀ ẹni ìtòsí, gbogbo àwùjọ ló ń dé. Tí èrò bá kéré, ẹni tuntun tó bá wọlé á rí ọwọ́ dì mú, ìdìpọ̀ wọn á túbọ̀ le. Ẹ máa fi èrò kún un títí tí gbogbo kíláàsì á fi wọ inú ẹ̀. Ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ò pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ariwo ti di ariwo ọjà, wọ́n á sì fẹ́ tú ká. Sàkáání irin ni ìdìpọ̀ náà ti le jù lọ. Mi ò tíì rí ọmọ tó bá wa ṣe eré yìí tó tún gbé fission sípò fusion.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú píọ̀ wọ́tà ẹyọ kan. Ẹ gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi ìka méjì fún un láàárín. Ìbàdí rẹ̀ á há, apá méjèèjì á wú, á dà bí èèpo ẹ̀pà oníhóró méjì. Ẹ jẹ́ kí kálukú fún un wò, kó rí bí omi ṣe ń mì lábẹ́ ìka òun. Irú àwòrán tó wá sọ́kàn Lise Meitner, obìnrin onímọ̀ físíìsì, àti Otto Frisch, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nìyẹn. Ní December 1938, Otto Hahn àti Fritz Strassmann ń fi neutron lu uranium ní Berlin, ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni barium, tí ìwọ̀n rẹ̀ fi díẹ̀ ju ìdajì uranium lọ. Ọ̀rọ̀ náà rú wọn lójú. Meitner ti bá Hahn ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí 30 ọdún, ṣùgbọ́n nítorí pé ìran Júù ni, ó ti sá kúrò ní Jámánì ní July ọdún náà, ó wà ní Sweden. Hahn kọ lẹ́tà sí i. Nígbà ọdún Kérésì, òun àti Frisch ń rìn nínú yìnyín, wọ́n jókòó sórí ìtì igi, wọ́n ń ṣírò lórí àjákù ìwé: kóró uranium dà bí ẹ̀kán omi, neutron kan ṣoṣo lè mú kó fún ní ìbàdí, kó sì já sí méjì. Frisch ló fún un ní orúkọ fission, ó yá a lọ́wọ́ àwọn tó ń wo bí ohun alààyè kékeré ṣe ń pín. Ẹ̀bùn Nobel ọdún 1944 fún kẹ́místrì, Hahn nìkan ni wọ́n fún. Ẹ sọ ìtàn Meitner fún àwọn ọmọbìnrin yín, ẹ jọ̀ọ́. Èmi kì í fò ó.

Fission kan máa ń tú neutron méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀, àwọn wọ̀nyẹn náà á tún lọ lu òmíràn. Igi ìṣáná tí ẹ gún sínú amọ̀ tó fún un láti fi hàn wọ́n: ẹ ṣá iná sí ọ̀kan, á ràn dé òpin, ẹ yọ díẹ̀ láàárín, iná á dúró síbẹ̀. (Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí garawa omi wà nítòsí.) Ohun tí àwọn ọ̀pá ìdarí ń ṣe nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń darí fission nìyẹn, wọ́n ń gbé neutron tó pọ̀ jù mì. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kan wà ní Zaria, ní yunifásítì Ahmadu Bello, ó ti ń ṣiṣẹ́ láti 2004. Kékeré ni, ìwádìí ni wọ́n ń fi ṣe, kì í ṣe iná mànàmáná. Ẹ má sì gbàgbé Oklo ní Gabon: nǹkan bí ọdún bílíọ̀nù 2 sẹ́yìn, uranium inú ilẹ̀ àti omi abẹ́ ilẹ̀ pàdé, fission sì bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ láìsí ènìyàn kankan. Ọdún 1972 ni wọ́n tó mọ̀. Ilẹ̀ Áfíríkà ló ti ṣẹlẹ̀, ó yẹ kí àwọn ọmọ wa gbọ́ ọ lẹ́nu wa.

Ó wá ku ìràwọ̀. Ẹ padà sí òkè òsì. Ìràwọ̀ ni ẹni tó ń fi gbogbo ayé rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lápá ibẹ̀, ìwọ̀n ara rẹ̀ ló sì ń tì í. Ẹrù ara rẹ̀ fẹ́ tẹ̀ ẹ́ pa; ooru fusion tó wà nínú rẹ̀ ló ń gbé ẹrù náà ró. Ní agbedeméjì oòrùn, níbi tó gbóná tó ìwọ̀n Celsius mílíọ̀nù 15, nǹkan bí tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 600 hydrogen ló ń di helium ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí 1,000 gírámù hydrogen bá di helium, 993 gírámù ló máa kù. Ìyá ẹlẹ́ja ní ọjà Olúwo á béèrè pé ta ló jí gírámù 7. Kò sẹ́ni tó jí i: òun ni ooru tó ń sá ẹja wọn gbẹ. Uranium ńkọ́? Nínú 1,000 gírámù tó bá pín, ohun tó di agbára kò tó gírámù 1. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ ya òkè òsì kó dúró ṣánṣán nìyẹn.

Ìràwọ̀ tó tóbi níwọ̀nba bí oòrùn tiwa, tí hydrogen inú rẹ̀ bá tán, á wú, á pọ́n, á sun helium di carbon, á wá bọ́ aṣọ ara rẹ̀ dànù, èyí tó kù á sì fún pọ̀ títí á fi tó ayé wa yìí ní títóbi. Ìràwọ̀ ńlá ni kí ẹ fara balẹ̀ sọ. Onínàá-kúnàá ni: oúnjẹ rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń jẹ ẹ́ ní àjẹjù. Oòrùn á lo nǹkan bí ọdún bílíọ̀nù 10. Ìràwọ̀ tó wúwo tó oòrùn 10 kì í ju ọdún mílíọ̀nù mélòó kan lọ, 20 sí 30. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ láti hydrogen sí helium, sí carbon, sí oxygen, sí silicon, ìpele kọ̀ọ̀kan ń yá ju èyí tó ṣáájú lọ. Èyí tó kẹ́yìn, tí silicon ń di irin, nǹkan bí ọjọ́ kan péré ni. Ó dé ìdí àfonífojì. Kò sí ooru tuntun láti gbé ẹrù ró mọ́. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, inú rẹ̀ ti wó, èyí tó wà níta á bú gbàmù. Àwọn ará Ṣáínà rí irú rẹ̀ ní ọdún 1054, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ hàn ní ọ̀sán gangan.

Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ dé ibí, ọmọkùnrin apẹja kan yọ ìwọ̀ ẹja kan nínú àpò rẹ̀, ó ń wò ó. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìràwọ̀ tó bú ló ti wá. Irin inú ẹ̀jẹ̀ rẹ náà ńkọ́, ibẹ̀ náà ni. Ó fi ahọ́n lá ìwọ̀ náà, bóyá ó fẹ́ mọ̀ bóyá adùn wọn jọra. Ìlú tí wọ́n ti ń fi àdá àti ọkọ̀ búra ní orúkọ Ògún ni a wà; ẹ má bẹ̀rù láti jẹ́ kí wọ́n ronú nípa irin títí dé ọ̀run.

Ìbéèrè: Tíṣà, tí oòrùn bá ń ṣe fusion, kí ló dé tí kò bú bí bọ́ǹbù? (Ọmọ SS2, Ẹ̀pẹ́)

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o kú làákàyè. Fusion inú oòrùn lọ́ra gan-an: proton kan lè dúró fún ọdún bílíọ̀nù kó tó rí ẹni bá dà pọ̀. Tó o bá gé apá kan nínú agbedeméjì oòrùn tó tóbi tó kọ́bọ́ọ̀dù, ooru tó ń mú jáde ò ju ti ààtàn tó ń jẹrà lọ. Títóbi oòrùn ló jẹ́ kí àpapọ̀ rẹ̀ pọ̀. Tó bá sì fẹ́ gbóná jù, á wú, wíwú yẹn á mú un tutù díẹ̀. Ó ń dá ara rẹ̀ dúró.

Ìbéèrè: Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 12, gbọ́ nílé ìwé pé oòrùn máa kú. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sùn dáadáa. Kí ni mo lè sọ fún un? (Ìyá kan, Àgbádárìgì)

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Ẹ sọ òótọ́ fún un: ó ku nǹkan bí ọdún bílíọ̀nù 5. Ẹ sọ fún un pé oòrùn ò tíì dé ìdajì ọjọ́ ayé rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà, tí wọ́n bá mú iná lọ ní oṣù January, tí ojú ọ̀run mọ́, ẹ gbé àga síta. Ẹ wá ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò ní ìlà kan. Èyí tó pọ́n tó wà lápá àríwá wọn ni Betelgeuse, ìràwọ̀ ńlá tó ti darúgbó. Lápá gúúsù wọn, kúrúkúrú fífẹ́lẹ́ kan wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bí ìràwọ̀ tuntun lọ́wọ́lọ́wọ́. Tó bá fọwọ́ tọ́ka sí Àgùàlà, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé kì í ṣe ìràwọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ajá òṣùpá. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló yá lò. Tí kò bá tún rí oorun sùn lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní kó kọ ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí mi. Màá dá a lóhùn.