Kí àbúrò yín má tíì fọwọ́ síwèé yẹn

Àǹtí mi, ẹ ní àbúrò yín tó wà nínú ológun ojú omi Amẹ́ríkà ṣubú lórí dẹ́ẹ̀kì ọkọ̀ tó ń gbé bàálù, pé èjìká rẹ̀ yẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ kan sì ti kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ dè é, kó sáà fọwọ́ sí i. Ẹ ń béèrè bóyá kó ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n má baà bínú sí i. Èmi náà ti fọwọ́ sí irú ẹ̀ rí.

Ẹ̀wù búlúù lèmi ń wọ̀ nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ lórí irú ọkọ̀ yẹn. Àwọ̀ ẹ̀wù ni wọ́n fi ń mọ iṣẹ́ kálukú: ẹlẹ́wù yẹ́lò ló ń fọwọ́ darí bàálù, ẹlẹ́wù pọ́pù ló ń rọ epo, ti bọ́ǹbù ni pupa, àwa búlúù la ń dí táyà, tí a sì ń fi ṣéènì de bàálù mọ́lẹ̀. Ẹ mú ariwo Ìwó Road lọ́sàn-án Sátidé, ẹ sọ ọ́ di òru, ẹ pa gbogbo iná, ẹ da epo sílẹ̀. Kò tíì tó.

Lóru ọjọ́ kan, mo gbé ṣéènì kọ́ èjìká, mò ń gba ẹ̀yìn bàálù kan kọjá torí ẹlẹ́wù yẹ́lò ti júwe sí mi pé kí n máa bọ̀. Ló bá yíjú kúrò lára mi, ó júwe fún awakọ̀ bàálù yẹn pé kó yí. Awakọ̀ fún un níná. Mi ò gbọ́ nǹkan kan, etí mi ti dí. Ooru ẹ́ńjìnnì ni mo kọ́kọ́ mọ̀, bí ìgbà tí wọ́n ṣí ààrò búrẹ́dì, àfi bí ẹsẹ̀ mi ò ṣe sí nílẹ̀ mọ́: atẹ́gùn ẹ̀ ti gbé mi. Ilẹ̀ dẹ́ẹ̀kì yẹn rí gbàràgbàrà bíi sáńdípépà, ó bó mi láti orúnkún dé ìgbáròkó. Ṣéènì tí wọ́n fi de bàálù mìíràn ni apá mi há sí. Ká ní kò há síbẹ̀ ni, inú òkun ni ǹ bá balẹ̀ sí nínú òkùnkùn yẹn. Ọrùn-ọwọ́ mi dún. Kì í ṣe etí ni mo fi gbọ́ ọ, inú egungun ni.

Níbi ìtọ́jú, àìbùpúrófìn, oògùn ara ríro, ni wọ́n fún mi, wọ́n ní kí n lọ mu omi. Ọ̀gá mi dé, ó ki bírò bọ̀ mí lọ́wọ́ tó ṣì dáa, ó ti kọ ọ́ sínú ìwé dè mí pé: “Mi ò wo ẹ̀yìn mi. Ara mi le.” Ojú mi ṣì ń ṣú, mo fọwọ́ sí i. Orúkọ ẹlẹ́wù yẹ́lò ò sí níbẹ̀ rárá. Nígbà tí mo kúrò lẹ́nu iṣẹ́, àwọn tó ń rí sí owó àwọn tó fara pa na “ara mi le” yẹn sí mi lójú. Etí mi tó ń hó nìkan ni wọ́n gbà, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ lẹ́tà kí ẹni tí a jọ ń sùn ní yàrá tó bá mi jẹ́rìí. Títí dòní, tí mo bá gun àtẹ̀gùn Màpó, orúnkún mi á sọ̀rọ̀.

Àwọn ọ̀gá wọ̀nyí! Ní oṣù kẹta ọdún 2016, okùn irin tó ń gba bàálù mú já lórí ọkọ̀ Eisenhower, ó gbá èèyàn mẹ́jọ. Ìwádìí ní àwọn tó tún ẹ̀rọ ṣe fo ìgbésẹ̀ kan ó kéré tán. Ìwádìí yẹn náà ló sọ pé ìwé ìlànà tí wọ́n tẹ̀ lé kò ní ìkìlọ̀ tó yẹ kó ní. Ẹni tó kọ ìwé yẹn wà lábẹ́ fáànù ní ọ́fíìsì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àgbo ránṣẹ́ sí i o. Látìgbà tí bàálù kan já lu dẹ́ẹ̀kì ọkọ̀ Nimitz ní 1981, tí èèyàn mẹ́rìnlá kú, tí wọ́n sì rí igbó lára àwọn kan nínú òkú, ìtọ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò ṣáá. Ta ló mọ ohun tó wà nínú ìgò?

Ìwé tí ẹ béèrè ńkọ́? Kó má fọwọ́ sí i. Òfin wọn fúnra rẹ̀ sọ pé wọn ò lè fipá mú ológun fọwọ́ sí ìwé nípa bí ìpalára rẹ̀ ṣe wáyé. Kó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kó béèrè pé ìwádìí wo lèyí: ti ààbò, tí wọn ò lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ jẹ ẹ́ níyà, àbí èkejì, ti àwọn ọ̀gá, tí wọ́n lè fi jẹ ẹ́ níyà? Tó bá jẹ́ èkejì, kó dákẹ́ títí yóò fi rí lọ́yà wọn, ọ̀fẹ́ ni. Tí ọ̀gá ọkọ̀ bá fẹ́ dá ẹjọ́ rẹ̀ lójú omi, àbúrò yín kò ní lè sọ pé ilé ẹjọ́ lòun fẹ́.

Kò sì lè pe ìjọba lẹ́jọ́ o. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ wọn ti ti ilẹ̀kùn yẹn láti 1950. Torí náà, ìwé dókítà ni gbogbo ẹ̀: kó lọ bá dókítà kíá, kí wọ́n kọ “èjìká” sílẹ̀, kó gba ẹ̀dà. Fọ́ọ̀mù owó ìpalára, kó fi ránṣẹ́ kí ọdún kan tó pé tó bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìyẹn ò le.

Ẹ ò sọ àwọ̀ ẹ̀wù tó ń wọ̀. Ẹ bi í, kó sì sọ ẹni tó júwe fún un.