Ṣé géèmù orí tẹlifíṣọ̀n lè mú kí àgbàlagbà tó ní Down syndrome máa ṣeré ìdárayá?

Ẹ ní ẹ̀ ń gbé ní Ìbarà, Abẹ́òkúta, àti pé àbúrò yín tó ti pé ọmọ ọdún 27, tó ní Down syndrome (ipò tí wọ́n ń bí mọ́ èèyàn, tó máa ń jẹ́ kí òye àti ara falẹ̀ dàgbà), kì í fẹ́ jáde rìn. Géèmù lè ràn án lọ́wọ́, àmọ́ kì í ṣe èyí tí wọ́n ń jókòó tẹ̀ o. Irú Wii, ẹ̀rọ géèmù Nintendo tó jáde ní 2006 ni, tàbí Kinect ti 2010, kámẹ́rà tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀rọ géèmù Xbox: èèyàn fúnra rẹ̀ ló máa ju apá bí ẹni ń gbá tẹníìsì. Wọn ò ṣe méjèèjì mọ́, tòkúnbọ̀ lẹ máa rí rà.

Ẹ kọ́kọ́ mú un lọ rí dókítà. Nǹkan bí ìdajì àwọn tí wọ́n bí pẹ̀lú Down syndrome ló ní àlèébù ọkàn, eegun ọrùn àwọn mìíràn sì lè máa yẹ̀. Torí náà, kó má fò sókè kí dókítà tó fọwọ́ sí i. Ẹ gbé tábìlì àárín pálọ̀ kúrò, ẹ jẹ́ kó wọ kánfáàsì, torí oríkèé wọn máa ń rọ̀.

Ẹ bá a ta á! Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà bẹ́ẹ̀: bó bá ku òun nìkan, ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó o, bí ìyá rẹ̀ bá dúró tì í, tí wọ́n ń pe ara wọn níjà, òógùn á ti rin ẹ̀wù.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 ṣeré ìdárayá lọ́sẹ̀. Ẹ fi 10 lójúmọ́ bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ tan orin lórí fóònù, kó máa jó.